Ìmọ̀ Ìṣirò Owó Kì í Ṣe Ọmọ Àlejò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí dáadáa yóò rí i pé ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí gbèsè wọlé àti ọjọ́ tí owó jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì náà nìyí, pé ọjọ́ tí ìnáwó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó má dúró de ọjọ́ tí owó yóò kúrò lápò. Baba ńlá Yorùbá ti fi ìlà kan ṣoṣo sọ ohun tí ìwé ńlá ń fi orí kan gbáko sọ. Síbẹ̀síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dìde ní gbangba lónìí tí ó ní ó yẹ kí èdè Yorùbá ní àyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, ẹ̀rín ẹ̀sín ni wọn yóò fi rín in.

Ẹ̀rín náà kò jìnnà sí ilé. Ó wà nínú ọgbà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà. Bí wọ́n bá bi ọmọ léèrè pé kí ni ó ń kọ́, tí ó bá dáhùn pé ìṣirò owó ni, ojú bàbá a là, ìyá a sì ròyìn fún aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní Yorùbá ni, wọn a bi í bóyá kò rí àyè mìíràn wọ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pàápàá a máa fi ẹnu ara wọn tẹ́ iṣẹ́ wọn. Wọ́n gbà pé ìmọ̀ méjèèjì kò lè pàdé láéláé: ọ̀kan jẹ́ ti owó, èkejì jẹ́ ti ìtàn àti orin. Èrò yìí ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò, nítorí èké ni, èké náà sì ń ná àwọn ènìyàn lówó.

Kí ènìyàn mú ọ̀nà Choba pọ̀n láti Port Harcourt, yóò kan Alakahia ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio-Akpor, níbi tí ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt wà. Ọdún 1975 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì di yunifásítì pátápátá ní ọdún 1977. Ọ̀rọ̀ tí ó mú ṣe àkọlé ara rẹ̀ ni ìlàlóye àti ìdá-ara-ẹni-dúró. Ní ẹ̀ka ìṣirò owó, wọ́n ń kọ́ ìpìlẹ̀ ìṣirò owó, ìṣirò iye tí ọjà ná oníṣẹ́ kí ó tó dé orí àtẹ, òfin owó-orí, ìṣirò owó ìjọba àti ọ̀nà tí a ń gbà yẹ ìwé owó wò. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Bí ó ti rí lẹ́bàá Alakahia ni ó rí ní Èkó, ní Ifẹ̀ àti ní Ìlọrin. Nítorí náà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi dá yunifásítì kan ṣoṣo lẹ́bi. Àṣà gbogbo orílẹ̀-èdè ni.

Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí wọ́n lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ta ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí lè bá sọ̀rọ̀ owó? Kí ènìyàn fi ojú inú wo ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní ìlú Yorùbá èyíkéyìí. Ìyá aláṣọ, bàbá alágbẹ̀dẹ, àwọn awakọ̀ àti àwọn aránṣọ jókòó. Akápò dìde, ó ka ìwé owó ọdún náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ilẹ̀. Oníṣirò owó tí wọ́n gbà ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n sì gba ilé wọn lọ. Ta ni nínú wọn tí ó lè dìde bèèrè pé kí ló dé tí owó tí wọ́n yá jáde fi pọ̀ ju èyí tí ó padà lọ? Owó tí olówó kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣé olówó ni ó ni ín ní tòótọ́, àbí ẹni tí ó ń kà á sí i létí? Níbi tí ìmọ̀ bá ti di awo láàrin àwọn díẹ̀, ibẹ̀ ni olè ti ń rí àyè fara pamọ́.

Àwọn tí ó rò pé ìmọ̀ yìí kò lè fi èdè ọjà sọ̀rọ̀ kò mọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1494, ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Luca Pacioli tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìṣirò. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò Venice ti ń kọ owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó lọ. Òun kọ́ ni ó dá ọ̀nà náà. Àwọn oníṣòwò ti ń lò ó ṣáájú rẹ̀. Látìnì ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà, ṣùgbọ́n èdè Ítálì tí àwọn ará ọjà ń sọ ni Pacioli fi kọ ìwé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ̀kọ́ náà dúró lé lórí títí di òní kò ju ọ̀rọ̀ gbèsè àti ọ̀rọ̀ ìfọkàntán lọ nínú èdè tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a fi èdè ọjà kọ́ni ní ìṣirò owó kò dá àṣà tuntun sílẹ̀. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà ni ó padà sí.

Ilẹ̀ Yorùbá kò sì ṣófo. Nígbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000 ẹyọ. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Ẹni tí ń ka irú owó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kì í ṣe òpè nínú ìṣirò. Samuel Johnson mẹ́nu ba èsúsù nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1921. Nígbà tí ó di ọdún 1952, William Bascom, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ odindi àpilẹ̀kọ lórí èsúsù nìkan. Àlejò rí ohun ẹ̀kọ́ nínú ohun tí onílé ń pè ní nǹkan yẹpẹrẹ.

Kí a mú alájọ. Oníbàárà kan ń dá 500 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ní òpin oṣù, 15,000 náírà ni ó ti kó jọ. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, 500 náírà, gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì dá 14,500 padà. Mélòó ni ó wọlé fún alájọ lọ́wọ́ oníbàárà yìí? Ẹni tí kò mọ ìṣirò yóò ní 15,000 ni. Alájọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní 500 ni, nítorí 14,500 tí ó kù jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Báńkì tí ó tóbi jù lọ kò ní òfin mìíràn: owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ gbèsè ni ó ń kọ ọ́ sí. Alájọ tí ó bá gbàgbé èyí, tí ó fi owó oníbàárà kọ́lé, ni ó ń sá kúrò nílùú nígbà tí oṣù bá parí.

Kí a tún wo èsúsù. Ènìyàn mẹ́wàá ń dá 10,000 náírà lóṣooṣù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o gba 100,000, bẹ́ẹ̀ ni 10,000 péré ni ó tíì dá. Ó jẹ ẹgbẹ́ ní 90,000, yóò sì fi oṣù mẹ́sàn-án san án láìsí èlé. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ti yá àwọn yòókù lówó kí ó tó kàn án. Bí ọjà bá sì ti gbówó lórí láàrin oṣù mẹ́wàá náà, 100,000 tirẹ̀ kò ní lè ra ohun tí 100,000 ti ẹni àkọ́kọ́ rà. Gbèsè, ẹ̀yáwó, àti ohun tí àkókò ń yọ kúrò lára owó: gbogbo rẹ̀ wà nínú èsúsù, èdè Yorùbá sì gbé gbogbo rẹ̀ láìsí ìnira.

Àwọn alátakò ní ẹjọ́ mẹ́ta láti rò. Lọ́nà kìn-ín-ní, wọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Ojú owó wà, èlé wà, èrè wà, àdánù wà. Àwìn, ìdógò, onígbọ̀wọ́, ẹ̀dínwó, àsansílẹ̀, owó-orí: kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó ṣẹ̀dá wọn kí àwọn ènìyàn tó máa lò wọ́n. Èyí tí kò bá sí, a lè dá a. Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀ nígbà tí wọ́n gbé ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde ní ọdún 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wo ni ó lè ṣe ìdánwò láìlo irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Lọ́nà kejì, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1965 fi ń ṣe ìdánwò, àti pé láti ọdún 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìlànà àgbáyé. Òótọ́ ni. Akíntọ́lá Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè oníṣirò owó àgbà, ní ọdún 1949, fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bu ọlá rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ìlànà àgbáyé náà ti ní ìtumọ̀ ní èdè Faransé, ní èdè Lárúbáwá, ní èdè Ṣáínà àti ní ọ̀pọ̀ èdè mìíràn. Bí ìlànà kan náà bá lè sọ èdè Lárúbáwá láìbàjẹ́, kí ni yóò bà á jẹ́ lẹ́nu Yorùbá?

Lọ́nà kẹta, wọ́n ní èdè ti pọ̀ jù ní ibi bíi Alakahia; bí wọ́n bá fi Ikwerre kọ́ni, ọmọ Kalabari ńkọ́? Ìdáhùn wà ní ìpínlẹ̀ Rivers fúnra rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kay Williamson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Port Harcourt, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣètò ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ìpínlẹ̀ náà, títí kan àwọn tí ènìyàn díẹ̀ ń sọ. Wọn kò ní kí èdè kan jẹ gàba lórí èkejì. Bákan náà, kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ Ogoni fi Yorùbá ka ìṣirò owó. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó gba oyè, fi hàn pé òun lè ṣàlàyé ìwé owó fún àwọn ará ilé òun ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ọ̀nà sì wà láti ṣe é. Ní ọdún 2022, àjọ tí ń ṣàkóso àwọn yunifásítì Nàìjíríà gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo yunifásítì; ìdá 30 kù sí ọwọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí ó bá àyíká rẹ̀ mu kún un. Kí ni ó bá àyíká mu ju àjọ, èsúsù, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti èdè ará àdúgbò lọ? Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní ọdún kẹta tó: kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọjà, kí ó yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò pẹ̀lú àṣẹ wọn, kí ó sì jábọ̀ fún wọn ní èdè wọn. Bí wọn kò bá lóye, kí ó má gba máàkì.

Àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2022 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Wọ́n ṣe é bí ẹni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, pé ọmọ tí ó fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà kò di òpè, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bàjẹ́. Bí èdè bá pàdánù àyè rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, tí kò sì ní àyè ní òkè, kí ni yóò kù fún un bí kò ṣe ibi ìsìnkú àti ibi ìgbéyàwó?

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀ka Yorùbá má sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ìgbà wo ni ẹ̀ka Yorùbá kan ilẹ̀kùn ẹ̀ka ìmọ̀ òwò, tí ó ní kí àwọn jọ jókòó? Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí oríkì àti òwe; èyí dára, ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọ ti èdè alájọ? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oníṣirò owó kò ní èdè, elédè kò ní ìṣirò; bí àwọn méjèèjì kò bá pàdé, ará ọjà ni yóò máa san gbèsè náà.

Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oníkálukú wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba káàdì àjọ kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí ó kọ orúkọ tí àwọn ará ọjà ń pe ohun gbogbo tí ó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì mú un tọ ẹni tí ń kọ́ni ní ìṣirò owó lọ. Kí olùkọ́ méjèèjì fọwọ́ sí iṣẹ́ náà pọ̀. Ìṣirò owó kì í ṣe ọmọ àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ilé ni. Àwọn onílé ni ó kọ̀ láti pe orúkọ rẹ̀.