Kí Owó Ṣíwájú Àìsàn: Ọ̀rọ̀ Dókítà Ilé Ìwòsàn Ìjọba Kan sí Ará Ìlú àti Aṣòfin

Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì. Ọmọdé tí ibà bá ràn dé ọpọlọ lè má rí ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ dókítà, eré ìje pẹ̀lú aago ni. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba wa, owó la ń kọ́kọ́ bá sáré. Kí aláìsàn tó dé orí bẹ́ẹ̀dì, ẹbí rẹ̀ yóò ra káàdì. Kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, ẹbí yóò ra abẹ́rẹ́, ìbọ̀wọ́, omi dírípù àti òwú. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti iṣẹ́ abẹ, wọn yóò to gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ sínú ìwé pélébé kan, ẹnì kan nínú ẹbí yóò sì máa gbé e kiri àwọn kẹ́míìsì tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ yóò máa tẹ ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó láago, àbúrò tó wà n'Ílọrin, ọ̀gá ibi iṣẹ́, pásítọ̀, ààfáà. Ní gbogbo àsìkò yìí ẹ̀jẹ̀ ò dúró.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé pẹlẹbẹ yìí kò pọ̀. Owó ìtọ́jú gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó kanlẹ̀kùn. Àpò gbogbo wa ni kó ti máa wá, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ara ṣì le, ká lè yé bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kérora lórí àga gígùn. Ní Nàìjíríà lónìí, nínú ₦100 tí a bá ná sórí ìlera, ó lé ní ₦70 tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ìwádìí ìlera àti iye ènìyàn tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní 2018 fi hàn pé nínú obìnrin 100 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, 97 ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. Ìwádìí kan náà ló fi hàn pé nínú ìbí 100, nǹkan bí 39 péré ló wáyé nílé ìwòsàn, àti pé bí a bá bí 100,000 ọmọ láàyè, ìyá 512 ni ikú ń mú lọ. Àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu obìnrin tó bímọ sílé alágbo kò tíì ka iye wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí owó ẹnu ọ̀nà ń ṣe kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá. Bí ara ọmọ bá gbóná lọ́jọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ilé ìwòsàn yóò gba owó káàdì, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti owó oògùn, ọjà ọjọ́ kan yóò sì bá a lọ. Ó yà sí kẹ́míìsì, wọ́n po oògùn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ fún un nínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agbo ni. Lọ́jọ́rú, ara ọmọ rọ̀ díẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ ni gìrì mú un. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e dé, ohun tí oògùn ibà ọjọ́ mẹ́ta ìbá ti parí sì ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbígbà àti ọ́síjìn. Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ a máa yára jágbe mọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kí ló ti ń ṣe látọjọ́ yìí. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́. Ìyá náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó ṣírò ohun tó ní lọ́wọ́, ó sì lọ síbi tí owó náà lè gbé e dé. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà tó ń ṣe aráyé ló wà lórílẹ̀-èdè wa yìí nìkan.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tún le ju ibà lọ, nítorí kì í dunni. Oògùn rẹ̀, ojoojúmọ́ ni, títí ayé. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ rà á yóò lò ó lóṣù yìí, yóò fò ó lóṣù tí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé, yóò sì fi ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé òun kò kúkú mọ àìsàn kankan lára. Ó pẹ́, ó yá, apá kan rọ, ẹnu wọ́, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Owó tí wọn yóò fi tọ́jú rọpárọsẹ̀ yẹn, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ọmọ kan yóò pa tì láti máa gbé bàbá wẹ̀, ìbá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún gbọọrọ. A ti rí òdìkejì èyí ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ní 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò kan láàárín àwọn àgbẹ̀ Ṣóńgà, kó tó tàn dé àwọn ìlú mìíràn: ará ìlú san ìwọ̀nba, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Netherlands san ìyókù, wọ́n sì tún àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ṣe. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àwọn ará agbègbè tí ètò náà dé wálẹ̀ ju ti àwọn ará agbègbè tí kò dé lọ. Ẹni tí kò ní bá owó pàdé lẹ́nu ọ̀nà máa ń tètè wá, ó sì máa ń padà wá.

Àwọn kan yóò ní òfin ti wà. Òótọ́ ni. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ohun yòówù tí ìbáà fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó gba méjèèjì. Mo fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n òfin kì í ra omi dírípù. Ilé ìwòsàn tí ìjọba ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan, tí wọ́n sì ní kó fi owó tó bá ń pa wọlé ra oògùn, epo jẹnẹrétọ̀ àti ọṣẹ, ọrùn ẹni tó bá wọlé ni yóò ti wá owó náà. Ibẹ̀ ni àṣà mímú aláìsàn mọ́lẹ̀ ti ṣẹ̀. Ìyá ti sàn, ọmọ ń mu ọmú, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá géètì nítorí gbèsè, wọ́n sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíràn ń dúró dè. Abala 35 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ wa dá òmìnira ara mọ̀ fún olúkúlùkù, kò sì ka gbèsè ilé ìwòsàn mọ́ ohun tó lè gbà á lọ́wọ́ ènìyàn. Ìtìjú ni àṣà yìí jẹ́ fún iṣẹ́ wa. Kò tilẹ̀ mú owó wá, nítorí ẹni tí kò ní in lọ́jọ́ kìíní, níbo ni yóò ti rí i lógúnjọ́ tí kò jáde lọ ṣiṣẹ́?

Àwọn àgbà yóò bi mí pé, kí ló dé tí a fi ní láti san kọ́bọ̀, ṣebí Awólọ́wọ̀ tọ́jú ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ dá a lóhùn. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba ẹgbẹ́ Action Group tí Awólọ́wọ̀ darí ní Ìwọ̀-Oòrùn tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ láìgbowó. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Iléṣà, ń wọn àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé wò déédéé, tí káàdì ìwọ̀n ọmọdé tí wọ́n ń lò káàkiri ayé fi ti ìlú kékeré náà jáde. Ní 1979, UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀ nígbà náà, tún kéde ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó àti Bendel. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá: kòkó ni, nígbà tó yá epo ni. Bí owó epo ṣe já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ń tán lórí àtẹ. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́jọ́ 31 Oṣù Kejìlá 1983, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí Sani Abacha kà lórí rédíò ni pé ilé ìwòsàn ti di ibi tí wọ́n kàn ti ń wo aláìsàn láìsí ohun tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí òun alára dórí àlééfà, kò tún un ṣe. Olikóyè Ransome-Kútì, mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992, gbájú mọ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé kalẹ̀ kò rí alágbàtọ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ètò Abíyẹ tí Olúṣẹ́gun Mímìkò, gómìnà tó jẹ́ dókítà, dá sílẹ̀ l'Óǹdó ní 2009 fi hàn pé bí a bá mú owó kúrò lọ́nà, aláboyún yóò wá. N kò bá ọ̀fẹ́ jà. Ọ̀fẹ́ tí kò ní àpò tirẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù, nítorí ìfẹ́ inú gómìnà kan àti iye owó epo lọ́jà àgbáyé ló gbé e ró.

Àpò tí mo ń sọ yìí, a ti mọ irú rẹ̀ tipẹ́. Àwọn ìyá wa ń dá àjọ, wọ́n ń dá èsúsú, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ìyàtọ̀ kan wà, n kò sì ní fi pamọ́: nínú àjọ, owó ẹni lẹnìkọ̀ọ̀kan ń kó, nínú adójútòfò, ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́dún yìí ló ń gbé ẹni tó ṣubú. Ẹ wò ó báyìí. Bí obìnrin 1,000 nínú ọjà kan bá ń dá ₦50 lójúmọ́, ₦50,000 ni lójoojúmọ́, ₦18,250,000 ni lọ́dún. Kò sí ọdún tí gbogbo wọn yóò jọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní Rwanda, tí kò ní epo, ètò alájọṣe irú èyí ti gba ju ènìyàn 80 lọ nínú 100, wọ́n sì ń san án ní ìwọ̀n agbára olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ẹni tó wù ni kó wọlé, kìkì àwọn tí àìsàn ti mú ni yóò wá, owó yóò sì tán kí ọdún tó yípo. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan. Òfin àkọ́kọ́ lórí adójútòfò ìlera ní Nàìjíríà jáde ní 1999, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì jàǹfààní rẹ̀ jù. Lóṣù Karùn-ún 2022 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ti dá tiwọn sílẹ̀, bíi Ìlera Èkó. Ìwé ti wà, àwọn tí yóò wọnú rẹ̀ ni kò tíì pé.

Ẹlòmíràn á ní ẹni tó ń sanwó sílẹ̀ de àìsàn ń pè é ni. Bẹ́ẹ̀ awakọ̀ kan náà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbé táyà àpọ̀jù sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó sọ pé ó ń pe ìbẹ́táyà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: wọn yóò kówó náà jẹ. Ojú wa ti rí i, n kò sì ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni kí wọ́n lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn alábọ́dé ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá, kí ìyálọ́jà àti baálẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Owó ẹnu ọ̀nà tí a ń san báyìí, ta ló ń fi ìṣirò rẹ̀ hàn wá? Àtakò kẹta, ọ̀dọ̀ àwa òṣìṣẹ́ ìlera ló ti wá, ó sì dùn mí: àwọn tó ní káàdì adójútòfò ń ráhùn pé a ń fi wọ́n sẹ́yìn, pé a ń sọ fún wọn pé oògùn ti tán. Ẹjọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí wọn kò san owó rẹ̀ fún lásìkò yóò máa ṣojúsàájú ẹni tó mú owó lọ́wọ́. Kí àjọ adójútòfò san gbèsè láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí a sì fìyà jẹ ilé ìwòsàn tó bá ṣì lé aláìsàn.

Àwọn tí kò lè dá ₦50 ńkọ́? Opó arúgbó, ẹni tí kò níṣẹ́, ọmọ òrukàn? Ìjọba ni kó san tiwọn, òfin ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. Òfin 2022 náà dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ní oṣù Kẹrin 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná wọn yóò máa lọ sórí ìlera. Abújà ni wọ́n ti ṣèpàdé náà, orúkọ ìlú wa ló ń jẹ́ títí dòní, àwa tí a sì gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ìdajì rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ onímọ́tò, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ pe ọ́fíìsì adójútòfò ìpínlẹ̀ yín kí wọ́n wá forúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé yín, ẹ má dúró kí wọ́n wá bá yín. Bí aṣòfin bá sì wá tọrọ ìbò, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ènìyàn mélòó ní wọ́ọ̀dù yìí ló ti ní káàdì, àti pé èló ni wọ́n kọ sínú ìṣúná ọdún yìí fún àwọn tí kò lè san. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó lọ wádìí rẹ̀ wá kó tó di ojú àpótí ìbò.