Ilé Àtijọ́ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kì í ṣe ilé ti òkè ọ̀run o, ilé tí à ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún ni, èyí tí ajẹ́ńtì ń gba kómísọ̀n lé lórí, tí òjò yóò sì máa jò wọ̀ tí lánlọ́ọ̀dù kò ní yọjú. Àwọn kan yóò ní èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe kàn wá ná.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìjọ tí a ń bójú tó ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ra ilé kan tó fara ti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onígi, ọnà sìmẹ́ńtì sì wà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà wá sílé kọ́ àwọn bíríkìlà Èkó láyé ọjọ́un. Àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ́ ọ ló tà á fún wa, nítorí pé wọn kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Èrò wa ni láti wó o, kí a sọ ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí, nítorí ọkọ̀ àwọn ọmọ ìjọ ti ń dí ojú pópó pa lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn aládùúgbò sì ti ń ṣépè. Owó ti pé. A ti san àsansílẹ̀ fún ẹni tó ni katapílà. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà nínú gbogbo ìpàdé wa ni pé ìdílé mẹ́sàn-án ló ń gbé inú ilé náà, mẹ́fà nínú ilé ńlá, mẹ́ta nínú àwọn yàrá ẹ̀yìnkùlé.

Àwa fúnra wa ni a mú ìwé kúìtì lọ bá wọn. Màmá kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, tó ti gbé ilé náà ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní kí ọmọ-ọmọ òun ka ìwé náà fún òun, ó sì gbọ́ ọ parí.

"Pásítọ̀, ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ bá mi ṣírò o. Wọ́n ní Ìkòròdú ni yàrá ti ṣì rọ̀ lówó. Láti Ìkòròdú dé ibí, èló ni ọkọ̀ ń gbà báyìí? Aago mélòó ni mo máa jí kí ẹ̀kọ mi tó lè gbóná dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ́?"

A ní, "Màmá, Ọlọ́run á pèsè."

Ó wò wá títí. "Àmín," ló dáhùn. "Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ni mo bi yín."

Ará, a padà sílé, a kò rí oorun sùn. Ìbéèrè màmá yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Nígbà tí àrùn ajàkálẹ̀ tí eku ń gbé kiri jà ní ìlú náà láàárín ọdún 1920 sí 1930, ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928, Lagos Executive Development Board, tí àwọn àgbà ń pè ní LEDB. Iṣẹ́ wọn ni láti wó àwọn ilé tó há mọ́ra, kí wọ́n la ọ̀nà, kí wọ́n sì tún ìlú tò. Iṣẹ́ tó dára ni, ẹni tí àrùn bá pa ọmọ rẹ̀ kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ní 1955 wọ́n gbé iṣẹ́ tó tóbi jùyẹn dé. Ilẹ̀ tó tó 70 ékà láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n fẹ́ gbà, kí wọ́n wó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì pín in ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì. Òmìnira ti ń súnmọ́ nígbà náà, àwọn olórí wa sì fẹ́ kí olú-ìlú dára lójú àlejò. Wọ́n ní onílé lè padà ra ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí yóò fi rà á ju iye tí wọ́n san fún un lọ, yóò sì tún kọ́ irú ilé tí òfin tuntun bá fẹ́. Mélòó nínú àwọn bàbá wa ló ní irú owó bẹ́ẹ̀?

Àwọn tí wọ́n lé jáde, Sùúrùlérè ni wọ́n kọ́ ilé sí fún wọn, lókè odò lọ́hùn-ún. Ilé náà dára, kò há, omi wà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wọ inú wọn lọ, ó ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì, ó bi àwọn tó ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti àwọn tó ti kó lọ, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ tó jáde ní 1961. Ohun tí àwọn ènìyàn sọ fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí màmá ẹlẹ́kọ bi wá. Oníṣòwò pàdánù oníbàárà. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Ìyá tó ti ń rí ọmọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́ kò rí wọn mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ìyà bá ń jẹ kò sì rí ará tí yóò bu oúnjẹ fún un. Ilé kì í ṣe ògiri àti páànù nìkan. (Orúkọ àdúgbò náà bá a mu gan-an, nítorí sùúrù ni wọ́n fi gbé ibẹ̀.)

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òyìnbó nìkan ló jẹ̀bi. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará Màrokó ní ọjọ́ 7 péré láti kó jáde. Àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ sọ pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó 300,000. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí àwọn ilé tí kò tíì parí ní Ìlàsán àti Ìkọ̀tà. Ilé àwọn olówó ló wà lórí ilẹ̀ Màrokó lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyìn fún ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Láàárín 1979 sí 1983, Alhaji Lateef Jakande, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí òṣìṣẹ́ kékeré lè ra tàbí gbé. Títí di òní, bí ẹ bá ní "Jákáńdè", awakọ̀ yóò bi yín pé èwo nínú wọn, nítorí ó wà ní Ìsọlọ̀, ó wà ní Òkè Àfà, ó wà ní Abẹ́sàn. Ilé náà kò ní ẹwà. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ yín dàgbà.

Ní ti ẹwà, ẹ rántí ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúbú. Ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, ló kọ́ ọ ní 1855. Lẹ́yìn náà ó di ti ìdílé Ọláìyá. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí fún orílẹ̀-èdè, tí òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o, lọ́jọ́ Ìsinmi. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, inú bí àwa náà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ béèrè: fún 60 ọdún tí orúkọ ńlá yẹn fi wà lórí rẹ̀, ta ni ó ń ra páànù? Orúkọ kò lè gba òjò dúró. Ilé tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí, tí kò sí ẹni tó lè tà á, tí kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe, ọjọ́ tí yóò wó lulẹ̀ ni gbogbo wọn jọ ń dúró dè. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé bàbá, ẹ má dúró di ọjọ́ tí olówó bá dé. Ẹ jókòó nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tí yóò máa gba owó yàrá, iye tí yóò yọ sílẹ̀ fún àtúnṣe, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ dá nìkan buwọ́ lu ìwé.

A kò sì sọ pé kí ẹ máa gbé inú ilé tó fẹ́ pa yín. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fáájì, ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Ẹnjiníà ni kí ẹ pè, kì í ṣe àánú.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tó wà nínú ìjọ náà, òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àyàfi ní àwọn àdúgbò olówó bíi Ìkòyí. A mọ ará kan tó gba owó ọdún méjì, tó sì san ìdámẹ́wàá rẹ̀ pérépéré. Ìdámẹ́wàá kò lè fọ èyí tó kù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ tiwa. Gbogbo wa ti wàásù nípa Áhábù àti ọgbà àjàrà Nábótì. Áhábù kò ní òun fẹ́ kọ́ ààfin síbẹ̀, ọgbà ewébẹ̀ ló fẹ́, nítorí ilẹ̀ náà súnmọ́ ilé rẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni àwa fẹ́. Nábótì tilẹ̀ ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Ayálégbé kò ní ju rìsíìtì lọ.

A gbé ọ̀rọ̀ náà padà síwájú àwọn àgbà ìjọ. Ìpàdé náà gbóná. Ọ̀kan nínú wọn bi wá bóyá màmá ẹlẹ́kọ ló ń san ìdámẹ́wàá tí a fi ra ilé náà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, díákónì kan tó máa ń dákẹ́ sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní òpópónà kejì tí ọgbà rẹ̀ máa ń ṣófo ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó ti lọ béèrè rí. A lọ béèrè. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa lóṣù kò tó iye tí katapílà fẹ́ gbà lọ́jọ́ kan.

Ilé náà ṣì wà lórí ìdúró. Ẹ̀yìnkùlé ni a wó, nítorí ẹnjiníà sọ pé ògiri rẹ̀ ti lanu. A san owó yàrá ọdún kan fún méjì nínú ìdílé mẹ́ta tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ti kó lọ kí a tó parí ìpàdé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀ àti ìkókó, ìwé kúìtì tiwa ló lé wọn, a kò sì tíì rí wọn títí di bí a ṣe ń kọ èyí. Ìdílé márùn-ún kan nínú ọmọ ìjọ tí wọ́n ní ọkọ̀ bínú lọ sí ibòmíràn. Owó yàrá àwọn mẹ́fà tó kù kò lè tún òrùlé ṣe, kí a má purọ́. Ìkòkò ọrẹ ni a ó fi kún un, ikán sì ti jẹ igi àjà ju bí a ṣe rò lọ.

Ní oṣù tó ń bọ̀ ni káfíńtà yóò ṣí òrùlé. Màmá ti wá bi wá ibi tí òun yóò dáná sí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá fi ń ṣiṣẹ́. A ti ní kí ó wá sí abẹ́ àtíbàbà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.