Áfíríkà náà nílò ẹ̀rọ tó ń wo ìdí àrùn

Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ́ra lóru rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni tèmi. Tí ìrora egungun bá ti dé, gbogbo ilé ò ní sùn.

Nǹkan kékeré ló ń fà á. Hemoglobin ni purotéènì tó ń gbé atẹ́gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Tí èròjà kan ṣoṣo bá yí padà lára okùn rẹ̀, wọ́n á máa so mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á sì tẹ̀ bíi dòjé.

Báwo la ṣe ń mọ ìrísí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ máa ń sọ purotéènì di hóró wínníwínní bí iyọ̀, wọ́n á wá tan X-ray sí i. Bí ìtànṣán náà ṣe fọ́n ká ni wọ́n fi ń ṣírò bó ṣe rí. Ọdún 1937 ni Max Perutz bẹ̀rẹ̀ sí í wo hemoglobin ẹṣin, ó di 1959 kó tó rí ìrísí rẹ̀. Ọdún 22 gbáko!

Lónìí, ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń jẹ́ AlphaFold lè dá àbá ìrísí purotéènì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òun ló jẹ́ kí Demis Hassabis àti John Jumper pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 2024. Làwọn kan bá ní iṣẹ́ X-ray ti parí nìyẹn. Èmi ò gbà o. Ibo ni AlphaFold ti kọ́ṣẹ́? Inú Protein Data Bank ni, àkójọ tí wọ́n fi ìrísí 7 péré bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971, tó ti lé ní 200,000 báyìí, tẹ́nikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àbá ni kọ̀ǹpútà ń dá, ẹ̀rí ṣì ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Oògùn dà bíi kọ́kọ́rọ́: ẹni tí kò rí ihò àgádágodo, báwo ló ṣe fẹ́ rọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?

Ohun tó ń dùn mí nìyí: ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní synchrotron, tó ń mú X-ray tó mọ́lẹ̀ gan-an jáde fún iṣẹ́ yìí, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nílẹ̀ Áfíríkà. Yúróòpù ní, Amẹ́ríkà ní, Éṣíà ní, Brazil náà ní. Tí onímọ̀ tiwa bá fẹ́ lò ó, àfi kó lọ máa wá físà.

Wọ́n á ní owó ò sí. Ẹ wo SESAME ní Jọ́dánì, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2017. Ìráànì àti Ísírẹ́lì tí wọn ò rí ara wọn sójú jọ wà lára àwọn tó ni ín, Íjíbítì náà wà níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀tá bá lè dáwó jọ, kí ló ń ṣe àwa?

Àwọn onímọ̀ ti gbé àbá African Light Source kalẹ̀. Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù lọ lágbàáyé, ló yẹ kó ṣíwájú. Kí ìjọba àpapọ̀ dá owó tiwa, káwọn orílẹ̀-èdè yòókù lè rí wa tẹ̀ lé. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣípá láti ọjọ́ tó pẹ́.