Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ìpara Tó Ba Awọ Jẹ́?

Bí a bá rìn láti Dùgbẹ̀ dé Agbówó, tàbí tí a yà sí Bódìjà àti Challenge, a kò ní ṣàì rí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ìpara, ọṣẹ àti àtíkè. Ọmọ ìjọ wà nínú àwọn olùtajà, ọmọ ìjọ sì wà nínú àwọn oníbàárà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Ọlọ́run: bí ìpara tí a rà bá jó ni lójú, tí ó sì sọ awọ di àpá, ọrùn ta ni ẹ̀bi wà?

Èsì tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu olùtajà ni pé, “Èmi kọ́ ni mo ṣe é, mo kàn ń tà á ni.” Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níwájú òfin. Ní ọdún 1985, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà dá ẹjọ́ obìnrin kan tó ra ẹ̀rọ amómitutù oníkẹrosíìnì lọ́wọ́ Nigerian Bottling Company. Ẹ̀rọ náà bú gbàmù, iná sì jó obìnrin náà gidigidi. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2019, tún fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ pé ẹni tó pèsè ọjà tó ní àbùkù ni yóò dáhùn fún ìpalára tó bá fà. Àjọ FCCPC ló ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé mẹ́kúrì inú àwọn ìpara abóra kan ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń sọ awọ di aláìlágbára níwájú àrùn. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, olùdarí àgbà àjọ NAFDAC, kéde pé ọ̀rọ̀ ìpara abóra ti di pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè wa.

Èyí tó burú jù ni ìpara àpòpọ̀, tí olùtajà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò, tí ó sì rọ sínú ike tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní olùtà lásán, ó ti di olùṣe. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó lè nàka sí mọ́. Oníbàárà pẹ̀lú wà nínú wàhálà, nítorí ẹni tó fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí wo ni ike aláìlórúkọ lè jẹ́?

Ìwé Mímọ́ ti sọ̀rọ̀ lórí èyí ṣáájú ilé ẹjọ́. Nínú Ẹ́kísódù orí 21, ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó ni yóò san ẹran tó bá jìn sí i. Ìjìyà ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé màlúù òun a máa kàn, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, tún wúwo ju ti ẹni tí kò mọ̀ lọ. Olùtajà tó mọ ohun tí ń bẹ nínú ike, tí ó dákẹ́ nítorí èrè, kòtò ló gbẹ́ sílẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin olùtajà láàrin wa: ẹ má ṣe ta ohun tí ẹ kò lè fi para ọmọ yín. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ gba rìsíìtì, ẹ má sì sọ ike nù bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì gba ìwé. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ pé “ẹ jẹ́ ká fi ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ” bo ẹ̀tọ́ ẹni tó farapa mọ́lẹ̀. Ìdáríjì dára, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí olùtajà má san owó ìwòsàn.