Àwọn Méjì Tí Ń Pa Igi Ọsàn

Àwọn àgbà a máa wí pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ń pa igi ọsàn mímu, èyí tí ẹni méjì dá ọwọ́ jọ ṣe: ọ̀kan ń gbé inú igi, kò sì lè rìn, èkejì ń fò káàkiri, òun ni ó sì ń ru ti ìṣáájú.

Huanglongbing ni àwọn ará Ṣáínà ń pe àrùn náà. Èyí tí ń gbé inú igi ni bakitéríà, ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí. Ibùjókòó rẹ̀ ni iṣan tí oúnjẹ dídùn ń gbà láti inú ewé lọ bọ́ gbòǹgbò. Bí ó bá gbilẹ̀ níbẹ̀, iṣan a dí. Oúnjẹ a kún inú ewé ní àkúnjù, ebi a sì máa pa gbòǹgbò. Nígbà náà ni ewé yóò ní àbàwọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, ti apá ọ̀tún kì yóò sì bá ti apá òsì dọ́gba. Èso a kéré, a wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a korò lẹ́nu, a sì máa já bọ́ láìtó àkókò.

Èyí tí ń fò ni kòkòrò kan tí kò tó hóró ìrẹsì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní psyllid. Bí ó bá ń mu oje ewé, a tẹ orí ba, a sì gbé ìdí sókè. Orí ewé titun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ni ó ń yé ẹyin sí. Bí igi náà bá ní àrùn, àwọn ọmọ rẹ̀ a mu bakitéríà pọ̀ mọ́ oje. Nígbà tí wọ́n bá sì hu ìyẹ́, wọn a máa gbé e kiri títí di ọjọ́ ikú wọn.

Ẹ wo àrékérekè tí ó wà níbẹ̀! Igi aláìsàn a máa tú òórùn kan jáde tí ń fa kòkòrò náà mọ́ra. Ó wá, ó mu, oje náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó sì ṣí lọ sórí igi tí ara rẹ̀ le, tòun ti ẹrù ibi rẹ̀.

Ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a rí kòkòrò yìí ní 1998, a sì rí àrùn náà ní 2005. Ní ìkórè 2003 sí 2004, àpótí ọsàn tí wọ́n ká níbẹ̀ ju mílíọ̀nù 240 lọ. Ní ti 2022 sí 2023, kò pé mílíọ̀nù 16. Ìjì líle ní ìpín tirẹ̀ nínú àdánù náà, ṣùgbọ́n àrùn yìí ni olórí ọ̀tá.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni ó kàn wá níbẹ̀, ìdáhùn wa nìyí: ní 2020, àwọn onímọ̀ kéde pé a ti rí kòkòrò náà ní Nàìjíríà. Rírí kòkòrò kì í ṣe rírí àrùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti di ẹṣin ní gàárì, ẹni tí yóò gùn ún ni ó kù.

Kò sí oògùn tí ń wo àrùn yìí sàn. Igi lè ní i fún oṣù púpọ̀, àní fún ọdún, kí àmì kankan tó hàn; nítorí náà ẹni tí ó bá gé ẹ̀ka irú igi bẹ́ẹ̀ lọ́ mọ́ òmíràn, àrùn ni ó lọ́ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe máa kó ọ̀gbìn ọsàn láti ìlú dé ìlú. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a mọ̀ sí olóòótọ́ ni kí ẹ ti máa rà á. Ẹ máa yẹ ewé titun wò, bí ẹ bá sì rí àmì, ẹ fi hàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójútó ọ̀ràn oko. Ẹ má sì ṣe fọ́n oògùn apakòkòrò ní ìfọ́nkúfọ̀ọ́n. Ní erékùṣù Réunion, agbọ́n kéékèèké tí ń yé ẹyin sára ọmọ kòkòrò náà, tí a kó wá ní àwọn ọdún 1970, ni ó dín in kù gidigidi. Oògùn tí ó pa ọ̀tá lè pa ọ̀rẹ́ pẹ̀lú.

Ẹni tí ó bá ya àwọn méjèèjì nípa ni yóò gba igi rẹ̀ là.