Òòyì Kì Í Ṣe Ohun Àfipamọ́

Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, àwọn àgbà wà tí òòyì ń kọ́ láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n tí wọn kò jẹ́ lọ rí dókítà àgbà. Wọ́n ní ẹni tí a bá gbé lọ sí UCH, tí ó ti wà n'Íbàdàn láti 1957, kì í padà bọ̀. Àwa kò fara mọ́ èrò yìí. Àìtètèlọ ni ó ń pani.

Kí ni àyẹ̀wò náà? Wọn a wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí, wọn a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọn a sì yẹ etí wò, nítorí inú etí wà lára ohun tí ń mú ènìyàn dúró ṣinṣin. Irú òòyì kan tilẹ̀ wà tí dókítà ń fi yíyí orí aláìsàn wò sàn, láìlo abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wọn kọ ìgbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tàbí àgbo tí wọ́n ń lò sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọkọ̀ tí ẹ fi ń kó àgbà lọ sí ìpàdé ìpolongo ìbò, ẹ fi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.