Idà Tí Dáfídì Kò Fọwọ́ Kàn

Dáfídì kò fọwọ́ kan idà tó pa Ùríà. Jerúsálẹ́mù ló jókòó sí nígbà tí ogun ń lọ ní Rábà. Ìwé ló kọ sí Jóábù, àwọn ọmọ Ámónì ló sì pa ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run rán wòlíì Nátánì níṣẹ́, ẹ̀yin ará, ọ̀dọ̀ ta ló rán an lọ? Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Jóábù (2 Sámúẹ́lì 12).

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá gbọ́ nípa àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń kó iṣẹ́ wọn fún agbaṣẹ́ṣe nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí owó ọ̀yà ti kéré. N kò sọ pé iṣẹ́ kíkó jáde burú o. Ní Bangladesh, aṣọ tí wọ́n ń rán fún àwọn oníṣòwò Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti fún ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin ní owó tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Ìbéèrè mi ni pé, bí ewu bá dé, ta ni yóò dáhùn?

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 2013, ògiri ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza, nítòsí Dhaka, là. Báǹkì tó wà nínú ilé náà kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí àwọn aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó yè sọ pé wọ́n fi owó oṣù halẹ̀ mọ́ àwọn. Ilé náà wó láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn tó kú sì lé ní 1,100. Nígbà tí wọ́n wá àwọn tó ni aṣọ, àwọn kan ní àwọn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gbé iṣẹ́ àwọn débẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n ní kó ṣe é ní pọ́ọ́kú, kó sì tètè kó o dé, ta ni kó bẹ̀rù? Ṣé ọ̀gá òkèèrè ni, àbí ọmọbìnrin tó jókòó sídìí máṣíìnì?

Irú rẹ̀ wà ní Áfíríkà wa níhìn-ín. Ní Nairobi, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan pé kí àwọn ọ̀dọ́ máa wo àwòrán ìpànìyàn àti ohun ẹ̀gbin, kí wọ́n máa yọ wọ́n kúrò, kí èmi àti ẹ̀yin má baà rí wọn. Ọ̀pọ̀ wọn sọ pé iṣẹ́ náà ba ọkàn àwọn jẹ́, wọn kì í rí oorun sùn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn pẹjọ́ ní 2022, ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò sí ní Kenya, òun kọ́ ló gbà á síṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ kò gbà. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà sọ ní 2024 pé ẹjọ́ lè máa lọ. N kì í yọ̀ mọ́ ẹjọ́ pípè, ṣùgbọ́n mo yọ̀ mọ́ èyí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ́ délé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ka owó fún wa ní báǹkì ni kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n. Àwọn àti ẹni tó jókòó tì wọ́n lè jọ máa ṣe iṣẹ́ kan náà, owó wọn kò dọ́gba. Àwọn olówó tó ń fi ìdí èyí múlẹ̀ ń jókòó níwájú nínú ìsìn wa.

Ìjọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè ọlọ́dẹ. Owó ti kúrò lọ́wọ́ wọn, rìsíìtì wà nínú fáìlì. Kí ìgbìmọ̀ ìnáwó pe bàbá tó wà lẹ́nu géètì lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí wọ́n bi í ní iye tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá, àti ọjọ́ tí wọ́n san án.